Ibi Tí Agbára Ọkọ̀ Náà Gbà Lọ

Òkìtì yanrìn tí ọkọ̀ náà forí sọ kò fọ́n ká. Ohun tí Màdáámù kọ́kọ́ fi hàn mí nìyẹn, nígbà tí gbogbo èrò tó yí wa ká ń wo òkú obìnrin tí wọ́n tẹ́ sórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ páànù.

"Abdulganiyy, wo yanrìn yìí dáadáa. Ọkọ̀ tó sáré kọlu yanrìn, ṣé bó ṣe máa ń rí nìyí?"

Mo tẹ̀ wò ó. Níwájú ibi tí wọ́n ti ń mọ búlọ́ọ̀kù ni, ní Ìgándò. Òjò ti ń rọ̀ láti ìdájí ọjọ́ Tọ́sìdeè yẹn, yanrìn sì ti rin gbingbin. Imú ọkọ̀ náà kàn wọnú rẹ̀ díẹ̀, bí ewúrẹ́ ṣe ń fimú kan ohun tí kò dá a lójú pé òun fẹ́ jẹ. Bọ́ńpà kò ha. Iná iwájú méjèèjì wà lódindi.

"Ó rọra wọ̀ ọ́ ni, mà."

"Ó rọra wọ̀ ọ́ ni. Bí ẹni tó ń tòògbé."

Ìnspẹ́kítọ̀ Charity Olúdayọ̀ ni ọ̀gá mi yìí. Ọmọ Ìkàrẹ́ ni, obìnrin kúkúrú tí kì í gbóhùn sókè. Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń bá a ṣiṣẹ́ gẹ́gẹ́ bíi sájẹ́ǹtì rẹ̀, mi ò sì tíì rí i kó na ẹnikẹ́ni kí ó tó gba òótọ́ lẹ́nu wọn. Ó máa ń sọ pé ohun tí èèyàn fi búra kò ṣe pàtàkì tó ohun tó ń ráhùn lé lórí.

Agnes Ọláoyè ni orúkọ olóògbé náà. Ẹni ọdún méjìdínlógójì ni, tíṣà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan tí kò ju ìrìn ìṣẹ́jú márùn-ún lọ sí ibẹ̀. Àwọn tó ń mọ búlọ́ọ̀kù ní nígbà tí àwọn dé ìdí ọkọ̀, ẹ́ńjìnnì ṣì ń ṣiṣẹ́, ẹ́síì ń fẹ́, gbogbo gíláàsì wà ní títì. Wọ́n fọ́ ọ̀kan kí wọ́n tó lè gbé e jáde. Kò sí ẹ̀jẹ̀. Ìwé àwọn ọmọ tó ti máàkì nílé wà lórí àga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọ́n tò ó jọ, ẹyọ kan ò ṣubú.

Màdáámù gbé ọwọ́ òkú náà sókè, ó wo èékánná. Ó fi ìka ṣí ètè rẹ̀ díẹ̀.

"Ó pọ́n," ni mo sọ.

"Ó pọ́n jù. Òkú kì í pọ́n báyìí."

Ibẹ̀ la wà tí ọkọ rẹ̀ fi dé. Stephen Ọláoyè ni, òṣìṣẹ́ ìjọba, ọkùnrin gíga kan tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun. Ó wólẹ̀ sínú ẹrẹ̀. Ó dojú bo ẹsẹ̀ ìyàwó rẹ̀, ó ń pè é ní "Àgí mi, Àgí mi," títí ohùn rẹ̀ fi há. Lẹ́yìn náà ló gbójú sókè sí wa.

"Yésúfù ló pa á! Yésúfù oní-sàláńsà, ní Ìdímù! Ẹ lọ mú un!"

*

Ní àgọ́ ọlọ́pàá wa, mo kọ ọ̀rọ̀ ẹnu Stephen sílẹ̀. Ó ní ọkọ̀ tọ́bò, èyí tó ní ẹ̀rọ tó ń fi kún agbára ẹ́ńjìnnì, ni òun rà, tòkunbọ̀. Òun nífẹ̀ẹ́ ọkọ̀ tó bá lágbára, òun tiẹ̀ fọwọ́ ara òun so gééjì kékeré tó ń fi agbára tọ́bò hàn mọ́ iwájú ìdarí. Oṣù méjì sẹ́yìn, òun gbé e lọ bá Yésúfù pé kó bá òun yọ sàláńsà, páìpù èéfín tó bá a wá, kó fi èyí tó fẹ̀ sí i.

"Ínṣì mẹ́ta ló fi sí i, mà. Páìpù náà ti fẹ̀ jù. Agbára ọkọ̀ náà wá ju ohun tí Agnes lè kápá lọ. Ó sá mọ́ ọn lọ́wọ́ ni!"

"Ẹ̀yin lẹ ní kí ó fi ínṣì mẹ́ta sí i?"

"Èmi ni. Ṣùgbọ́n ó ṣépè fún mi, mà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, mo lọ bá a pé iṣẹ́ rẹ̀ ò dáa, la bá jà. Ó ní, 'Ọkọ̀ yìí máa pa èèyàn!' Ẹ lọ bi Táyéwò, fọkanáísà ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀."

A lọ sí Ìdímù. Táyéwò ń lẹ táyà kẹ̀kẹ́ Márúwá nígbà tí a débẹ̀. Kò fi bò rárá.

"Mo gbọ́ ọ, mà. Etí ara mi ni mo fi gbọ́ ọ. Gbogbo àdúgbò ló gbọ́. 'Ọkọ̀ yìí máa pa èèyàn!' Báyìí ló ṣe pariwo ẹ̀."

"Kí ló sọ kí ó tó sọ ìyẹn?"

Táyéwò yí orí. "Ẹ̀rọ tí mo fi ń fẹ́ táyà ló ń pariwo, mà. Ìgbà tí mo pa á ni mo gbọ́ èyí tí mo gbọ́."

Bàbá ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́ta ni Yésúfù, irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun, iná wẹ́ẹ̀dì sì ti jó ọwọ́ rẹ̀ níbi púpọ̀. Nígbà tí a sọ fún un pé ìyàwó Ọláoyè ti kú, ó jókòó sórí páìpù kan, kò sì béèrè ohun tí a wá ṣe.

"Ìkìlọ̀ ni mo ṣe fún un, mà," ló sọ nígbà tó yá. "Kì í ṣe èpè."

"Irọ́ ni!" ni Stephen pariwo nígbà tí a mú Yésúfù dé àgọ́, tí wọ́n fojú kan ara wọn. "Kò kìlọ̀ nǹkan kan fún mi!"

Ọ̀gá àgọ́ wa ní kí a ti Yésúfù mọ́lé, pé tó bá di Mọ́ńdè, òun á gbé e lọ sílé-ẹjọ́. N kò ní tan yín, èmi náà rò pé òun ni. Ọkùnrin tó ń sunkún bíi ti Stephen kò jọ ẹni tó lè purọ́.

*

Ní ọjọ́ kejì, a lọ sí ilé-ìwé tí Agnes ti ń kọ́ni. Míìsì Adébùnmí, tí kíláàsì rẹ̀ àti ti Agnes jọ pààlà, ló dá wa lóhùn. Ojú rẹ̀ ti wú.

"Ọkọ̀ tó lágbára kẹ̀?" Ó wò wá bí ẹni pé àwàdà la wá ṣe. "Ọkọ̀ yẹn? Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo bá a wọ̀ ọ́ kẹ́yìn. Kẹ̀kẹ́ Márúwá ń yà wá sílẹ̀ lórí òkè, mà. Á kàn máa hó ṣìììì níwájú, kò ní lọ. A fi rẹ́rìn-ín títí."

Màdáámù wò mí. Mo kọ ọ́ sílẹ̀.

"Ara rẹ̀ ńkọ́ o, láìpẹ́ yìí?"

Omi bọ́ lójú Míìsì Adébùnmí. "Orí máa ń fọ́ ọ, mà. Bó bá ti dé láàárọ̀, á gbé orí lé tábìlì. Tó bá fi máa di àkókò ìsinmi, orí fífọ́ náà ti lọ. A gbàdúrà sí i. Àwa mẹ́ta la gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta nítorí orí yẹn."

"Ní Sátidé àti Sọ́ńdè ńkọ́?"

"Kì í fọ́ ọ." Ó ń rò ó. "Hope, ọmọ wọn náà bẹ́ẹ̀. Ọmọ ọdún méje ni, ibí ló ti ń kàwé. Ó máa ń bì tó bá ti bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀. Ní Wẹ́sìdeè, ó bì títí a fi gbé e lọ sí ọ́fíìsì ọ̀gá."

"Àmọ́ kò sí nínú ọkọ̀ ní Tọ́sìdeè."

"Agnes pè mí láàárọ̀ pé Hope ò ní wá. Ó ní bàbá rẹ̀ ní kó sinmi."

Bí a ṣe ń padà lọ, mo rò pé mo ti já a. "Màdáámù, páìpù yẹn ló fẹ̀ jù lóòótọ́. Wọ́n máa ń sọ pé sàláńsà tó bá fẹ̀ jù máa ń gba agbára lọ́wọ́ ọkọ̀. Ọkọ̀ náà ò sá mọ́ ọn lọ́wọ́. Yésúfù ló sọ ọ́ dọ̀lẹ."

"Kí ló wá pa á? Ọ̀lẹ?"

Mo pa ìwé àkọsílẹ̀ mi dé.

"Jẹ́ ká bi ẹni tó mọ̀ ọ́n," ni Màdáámù wí.

*

Ó ní kí wọ́n mú Yésúfù jáde láti àtìmọ́lé, ó fún un ní àga àti omi.

"Bàbá, ẹ ṣàlàyé fún mi bíi pé mi ò mọ nǹkan kan. Sájẹ́ǹtì mi ní páìpù tó fẹ̀ jù máa ń sọ ọkọ̀ dọ̀lẹ."

"Kò parọ́, mà. Ọkọ̀ lásán, tí kò ní tọ́bò, tí páìpù rẹ̀ bá fẹ̀ jù, èéfín á máa fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀ nínú rẹ̀. Ó lè máa lọ́ra bó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbéra. Àmọ́ tọ́bò yàtọ̀." Ó gbé ìkúùkù méjèèjì sókè, ó fi wọ́n kanra. "Fáànù kékeré méjì ni, lórí ọ̀pá kan. Èéfín tó ń jáde látinú ẹ́ńjìnnì ló ń yí ọ̀kan. Bí ìyẹn bá ti ń yí, èkejì á máa kó afẹ́fẹ́ wọnú ẹ́ńjìnnì. Ibẹ̀ ni agbára rẹ̀ ti ń wá. Bí ọ̀nà tó wà lẹ́yìn fáànù bá há, èéfín á kún, fáànù ò ní tètè yí. Bí ọ̀nà bá fẹ̀, á yí wìrìwìrì. Ínṣì méjì àti díẹ̀ ló bá ọkọ̀ yẹn wá. Mo fi ínṣì mẹ́ta sí i láti ẹnu tọ́bò títí dé ìdí. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ wà á, ó padà wá, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Ó dì mọ́ mi, mà."

"Lẹ́yìn oṣù kan, agbára yẹn lọ."

"Ó lọ. Ohun tó bá wá jà nìyẹn. Mo wá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì…"

"Ẹ dúró." Màdáámù na ọwọ́. Ó di ojú rẹ̀ díẹ̀. "Ẹ má tíì sọ ọ́. Ọ̀nà tó wà lẹ́yìn fáànù fẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, nítorí náà èéfín wà. Síbẹ̀, fáànù ò yí dáadáa mọ́. Á jẹ́ pé èéfín ò dé ọ̀dọ̀ fáànù nìyẹn. Ó ti ń gba ibòmíràn jáde kó tó débẹ̀."

Yésúfù wò ó pẹ́. "Ṣé ẹ ti kọ́ṣẹ́ yìí rí ni, mà?"

"Rárá o. Mo ti gbé ilé kan rí tí omi ò ti gòkè mọ́. Wọ́n pààrọ̀ gbogbo ẹnu ẹ̀rọ tán, àṣé páìpù ló ti bẹ́ nísàlẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni." Ohùn bàbá náà lọ sílẹ̀. "Nọ́ọ̀tì mẹ́rin ló de tọ́bò mọ́ ẹ́ńjìnnì. Ooru ti tú méjì já. Mo fi hàn án. Mo ní, èéfín ń jáde níbí, ó sì lè wọ ibi tí ẹ ń jókòó, ẹ fi ọkọ̀ sílẹ̀ fún mi. Ó ní mo kàn ń bo àṣìṣe mi mọ́lẹ̀ ni. Ó bú mi. Ó ti ń wà á lọ nígbà tí mo pariwo tẹ̀lé e."

"Ó ní ẹ ò sọ bẹ́ẹ̀ fún òun."

"Èmi àti òun nìkan la tẹ̀ wo ẹ́ńjìnnì náà, mà. Kò sí ẹlẹ́rìí."

Fóònù Màdáámù dún. Dókítà tó ṣàyẹ̀wò òkú ni. Ó gbọ́ ọ títí, ó dúpẹ́, ó pa á.

"Gáàsì inú èéfín ọkọ̀," ló sọ fún mi. "Èyí tí kò lóòórùn. Ẹ̀jẹ̀ Agnes kún fún un. Òun ló mú kí èékánná rẹ̀ pọ́n."

*

Ọkọ̀ náà wà nínú ọgbà àgọ́ wa. Mo tan tọ́ọ̀ṣì sínú ẹ́ńjìnnì. Bí Yésúfù ṣe sọ ọ́ ló rí: nọ́ọ̀tì méjì ò sí níbẹ̀, méjì tó kù ti dẹ̀. Èéfín ti kun gbogbo ibẹ̀ dúdú, títí dé ara irin tó pààlà láàárín ẹ́ńjìnnì àti ibi tí awakọ̀ ń jókòó. Lára irin náà ni ihò kan wà, ó tóbi ju àtàǹpàkò lọ. Rọ́bà tín-ín-rín kan gbabẹ̀ wọlé, kò sì dí ìdajì ihò náà. Mo tẹ̀ lé rọ́bà náà pẹ̀lú ìka mi.

Ara gééjì ló parí sí. Gééjì tí Stephen fọwọ́ ara rẹ̀ so.

Mo pa tọ́ọ̀ṣì. Ó ti yé mi bó ṣe ṣẹlẹ̀. Òjò ń rọ̀, omi kún ojú ọ̀nà, Agnes ti gbogbo gíláàsì, ó tan ẹ́síì, ó sì ń dúró kí omi fà. Ohun tó ń fọ́ ọ lórí láràárọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta wá ráyè dáadáa. Oorun gbé e. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò lórí bíréèkì, ọkọ̀ sì rọra yí lọ sídìí yanrìn.

"Ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ilé-ìwé," ni mo sọ. "Á jẹ́ pé kò sẹ́ni tó pa á, mà. Àgbákò ni."

"Ó ku ìbéèrè kan." Màdáámù pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé. "Kí ló dé tí Hope ò fi sí nínú ọkọ̀?"

*

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ìyá Agnes dé láti Ìkéré. Àárọ̀ Sátidé la lọ sílé wọn ní Ẹ̀gbẹ́dá. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì jókòó sórí àga rọ́bà níta, wọ́n ń kọrin wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Hope wà lẹ́yìnkùlé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá àgbà, báàgì ilé-ìwé wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìyá àgbà ní láti àná ni kò ti gbà kí ẹnikẹ́ni bọ́ báàgì náà kúrò lẹ́yìn rẹ̀.

Màdáámù bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Hope, kí ló dé tí o ò lọ sílé-ìwé ní Tọ́sìdeè?"

"Dádì ní kí n má lọ, mà."

"Ṣé ara rẹ ò yá ni?"

"Ó ti yá, mà. Mọ́mì ti gbé báàgì mi sínú mọ́tò. Dádì lọ gbé e jáde. Wọ́n ní kí n má wọ mọ́tò yẹn mọ́ títí di Sátidé."

"Kí ló máa ṣẹlẹ̀ ní Sátidé?"

"Wọ́n ní àwọn máa gbé e lọ tún nǹkan tó ń mú mi bì ṣe."

Ìyá àgbà gbé orí sókè.

"Ṣé Mọ́mì gbọ́ ohun tí Dádì sọ?"

"Rárá, mà. Mọ́mì ń wá agbòjò nínú ilé. Dádì ní kí n má sọ fún wọn, kí wọ́n má bàa bínú."

Màdáámù fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ náà. Ó dìde.

Stephen wà nínú yàrá, ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, aṣọ ìyàwó rẹ̀ kan wà lórí itan rẹ̀. Màdáámù ti ilẹ̀kùn. Kò gbóhùn sókè.

"Ọ̀gbẹ́ni Ọláoyè, òní ni Sátidé."

Mo rí i bí ojú ọkùnrin náà ṣe yí padà.

"Ta ló… Hope?"

"Ẹ mọ̀. Bàbá yẹn sọ fún yín, ó sì yé yín."

"Mi ò gbà á gbọ́!" Ó fẹ́ pariwo, ó wá rántí àwọn tó wà níta. "Mi ò gbà á gbọ́ nígbà yẹn, mà. Mo rò pé ó ń wá àwáwí ni. Ìgbà tí ọmọ bì ní Wẹ́sìdeè ni mo tó rò ó pé… àfàìmọ̀ kó má jẹ́ òótọ́. Mo ní kò burú, Sátidé ò jìnnà. Ọjọ́ méjì péré. Mo mú ọmọ kúrò níbẹ̀. Àgbàlagbà ni Agnes, mo rò pé àgbàlagbà lè fara dà á."

"Ó sọ fún yín pé orí ń fọ́ òun?"

"Mo ní kó lo paracetamol."

"Ẹ kàn lè sọ pé, ṣí gíláàsì sílẹ̀."

"Á bi mí pé nítorí kí ni!" Omi ń ṣàn lójú rẹ̀, kò nù ún. "Ṣé kí n sọ pé Yésúfù ló rí i? Lẹ́yìn tí mo ti délé wá ròyìn fún un pé mo ti bú bàbá náà dáadáa, pé òmùgọ̀ ni? Agnes ti sọ fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀ pé kí n fi ọkọ̀ náà sílẹ̀ bó ṣe wà."

"Kí ló dé tí ẹ fi purọ́ mọ́ Yésúfù?"

Ó wo aṣọ tó wà lórí itan rẹ̀.

"Bí kì í bá ṣe òun, mà, èmi ni."

Níta, orin ṣì ń lọ.

"Ṣé ó jẹ̀rora?" ló béèrè.

"Dókítà ní ó sùn ni."

Ó fi aṣọ náà bo ojú. Ìró tó jáde lẹ́nu rẹ̀ kì í ṣe ti ẹkún tí mo gbọ́ ní Ìgándò. Ìyẹn ní ọ̀rọ̀ nínú, èyí ò ní.

N kò fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́. Màdáámù ní kí n má ṣe é lójú ọmọ. A jọ gba àárín àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì kọjá bí ẹni tó ń lọ fọwọ́ síwèé. Ìyá àgbà kò wò ó. Hope sáré tẹ̀ lé wa dé ẹnu géètì.

"Dádì, ṣé ẹ máa mú Mọ́mì bọ̀?"

Stephen dúró. Mo rò pé á yíjú padà, kò lè ṣe é. Màdáámù ló padà lọ, tó fa ọmọ náà lọ́wọ́ wọlé.

*

Nígbà tí ọ̀gá àgọ́ wa ka gbogbo ohun tí Stephen sọ tán, ó ní ọkùnrin náà á fojú ba ilé-ẹjọ́, nítorí ẹ̀mí tó lọ àti nítorí ẹ̀sùn èké. Lẹ́yìn náà ló fọwọ́ sí i pé kí a tú Yésúfù sílẹ̀.

Èmi ni mo ṣí àtìmọ́lé. "Ẹ lè máa lọ sílé, bàbá. Ọláoyè ti jẹ́wọ́. Òótọ́ lẹ sọ."

Mo rò pé á dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, á dìde. Kò dìde.

"Ọmọ yẹn ńkọ́?"

"Ó wà lọ́dọ̀ ìyá ìyá rẹ̀," ni Màdáámù dáhùn lẹ́yìn mi.

Bàbá náà mi orí lọ́pọ̀ ìgbà. Ó ń wo ọwọ́ rẹ̀.

"Ohùn mi le jù lọ́jọ́ yẹn, mà. Ó bú mi lójú àwọn tó ju ọmọ mi lọ àti àwọn tí kò tó ọmọ mi, inú bí mi. Mo pariwo lé e lórí. Ẹni tí wọ́n bá pariwo lé lórí báyẹn, báwo ló ṣe máa gbọ́? Mo mọ ilé wọn ní Ẹ̀gbẹ́dá. Ká ní mo ti wọ kẹ̀kẹ́ lọ síbẹ̀ nírọ̀lẹ́, tí mo jókòó, tí mo fi pẹ̀lẹ́tù sọ ọ́ fún ìyàwó rẹ̀. Mo rò ó. Mo ní, kí ni mo fẹ́ lọ ṣe nílé ẹni tó bú mi?"

Màdáámù wọlé, ó jókòó sórí símẹ́ńtì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú yúnífọ́ọ̀mù lára rẹ̀. Mo fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ ní ṣíṣí, mo sì jáde fún wọn.